Yàrá Iwájú àti Géèmù Ẹlẹ́mìí-Kan

Bí ẹ bá gbé ìkòkò omi tútù sí àárín Aránṣọ àti àbúrò ọkọ rẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú, omi yẹn á ti hó, á ti gbẹ, ìkòkò náà á sì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun kúrò níbẹ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ilé ìwẹ̀ kan, ilé ìdáná kan, ilẹ̀kùn àbájáde kan. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé Aránṣọ ju àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n inú ilé yẹn ni wọ́n bí àbúrò ọkọ sí, kí wọ́n tó gbé Aránṣọ wọlé níyàwó. Nítorí náà, ẹni tó kéré ló ń pe àgbà ní "ìyàwó mi," òun ló ń sọ pé "wá, lọ, gbé e wá," àgbà ló sì ń fi "ẹ" pọ́n ẹni tó kéré lé. Kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wọlé ni wọ́n ní kó fún ọkọ kékeré náà ní orúkọ àpọ́nlé. Aránṣọ wò ó látòkè délẹ̀. Ọmọbìnrin náà sanra débi pé àga máa ń gbàdúrà ìkẹyìn kó tó jókòó lé e. Aránṣọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Opẹ́léńgẹ́ ni èmi ó máa pè yín o." Gbogbo ẹbí pàtẹ́wọ́. Opẹ́léńgẹ́ nìkan ni kò pa tiẹ̀. Àtọjọ́ náà ni ogun ti ń jà.

Ọkọ Aránṣọ, ìyẹn ẹ̀gbọ́n Opẹ́léńgẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Dírẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ̀ rẹ̀ gùn débi pé bí iwájú rẹ̀ bá délé lónìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́la. Ó lè wakọ̀ kọjá lórí afárá tó ń mì, ó lè fọwọ́ kan gbé táyà, ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ bá ti gbé ohùn sókè, abẹ́ ọkọ̀ ló ń sá lọ, á ní òun ń wo ẹ́ńjìnnì.

Yàrá iwájú ló dá ìjà tuntun sílẹ̀. Àbúrò bàbá wọn tó ń gbé ibẹ̀ ti kó lọ sílé ara rẹ̀, yàrá sì ṣófo. Fèrèsé ńlá méjì ló ní. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé pọ̀ débi pé bí èèrà bá ń rìn lórí ògiri, wàá rí eyín ẹnu rẹ̀. Aránṣọ nílò rẹ̀ bí ẹni nílò èémí. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn ni máṣìnnì rẹ̀ wà; bó bá ń fi òwú dúdú rán aṣọ dúdú, àfi kó máa fọwọ́ wá a bí afọ́jú. Ó ti rán apá kóòtù ọ̀gá iléèwé kan mọ́ àpò rẹ̀ rí, ọ̀gá náà sì wọ̀ ọ́ lọ sípàdé bí ẹni tí wọ́n dè lókùn. Àwọn oníbàárà ti ń fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rí ìmọ́lẹ̀, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n onídìrí ni Opẹ́léńgẹ́. Òun náà fẹ́ yàrá. Lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ni àwọn oníbàárà tiẹ̀ ń jókòó sí, òjò a sì máa rẹ irun tí kò tíì dì tán.

"Bọ̀ọ̀dá mi," Opẹ́léńgẹ́ wí, "ilé bàbá mi nìyí. Kí àlejò má gba yàrá lọ́wọ́ ọmọ onílé o."

"Àlejò tó ń fọ ìkòkò yín látìgbà tó ti dé, òun nìyẹn, Opẹ́léńgẹ́ mi," Aránṣọ dá a lóhùn. "Àlejò tó mọ gbogbo àwo tí ẹ kì í fọ̀, tí ẹ ń tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ìyàwó mi, mo máa gbá ẹ létí."

"Ẹ gbá a, ọkọ mi. Bí ọwọ́ yín bá lè gòkè."

Dírẹ́bà fọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Bí mo bá fún ìyàwó, wọ́n á ní obìnrin ti gbé mi jẹ. Bí mo bá fún àbúrò, inú ọkọ̀ ni mo máa sùn títí ayé. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá jókòó."

Ohun kan ṣoṣo ló wà láyé yìí tí àwọn obìnrin méjèèjì jọ fẹ́ràn, ìyẹn ni géèmù tó wà ní pálọ̀. Dírẹ́bà ló rà á fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án rí, nítorí pé ilẹ̀ kì í ṣú kí páàdì tí wọ́n fi ń gbá a bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ibodè Méje ni wọ́n ń pè é. Jagunjagun kan ló ń rìn láti ibodè dé ibodè, aṣọ́bodè kọ̀ọ̀kan sì burú ju ti iwájú lọ. Ẹni tó dúró sí ìkeje, alágbẹ̀dẹ kan ni, ó ga tó òpó iná mẹ́ta tí wọ́n tò lérí ara wọn, òòlù méjì ló gbé dání, bó bá sín, ìlú á wó.

Bí wọ́n ṣe máa ń gbá a tẹ́lẹ̀, ó rọrùn. Níbi tí iná bá ti ń jó lẹ́bàá ọ̀nà, jagunjagun á jókòó, ẹni tó ń gbá a á tẹ bọ́tìnnì, géèmù á séèfù, ìyẹn ni pé á fi gbogbo ohun tó ti ṣe pamọ́. Bó bá kú lẹ́yìn ìyẹn, idí iná yẹn ló ti máa jí. Géèmù pàápàá máa ń séèfù fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ohun kékeré kan á yọ ní igun ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, á máa yí bírí-bírí. Lójú Aránṣọ, kẹ̀kẹ́ òwú inú máṣìnnì ni. Lójú Opẹ́léńgẹ́, rólà irun ni. Wọ́n ti jà lórí ìyẹn náà.

Wọ́n sì ń fi séèfù jẹ ara wọn níyà. Opẹ́léńgẹ́ á séèfù tiẹ̀ lé orí ti Aránṣọ, iṣẹ́ oṣù kan á pòórá. Aránṣọ á ta gbogbo idà tí jagunjagun Opẹ́léńgẹ́ ní, á fi igi ìdáná rọ́pò wọn, á wá séèfù.

"Ó tó," Dírẹ́bà wí. "Ọ̀nà kan wà nínú géèmù yẹn tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mìí-Kan. Níbẹ̀, ẹ ò ní bọ́tìnnì séèfù kankan. Géèmù ló ń séèfù fúnra rẹ̀, gbogbo ìgbà, lórí ohun tó ti séèfù tẹ́lẹ̀. Ẹ ò lè padà sẹ́yìn. Bí jagunjagun bá kú, á séèfù ikú yẹn náà, ó tán, á pa á rẹ́ pátápátá. Kálukú á ní àyè tirẹ̀, ẹnì kan ò sì lè wọ ti ẹnìkejì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ibodè keje ló ni yàrá iwájú. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́." Ó dìde, ó lọ wo ẹ́ńjìnnì.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Aránṣọ á gbá a láàárọ̀, Opẹ́léńgẹ́ á gbá a lọ́sàn-án, ẹni tí kò bá sí lórí páàdì á wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, á máa ṣépè lábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ibodè kẹta dá Aránṣọ dúró. Ejò kan wà níbẹ̀ tó gùn ju ọkọ̀ Dírẹ́bà lọ. Ó fi ìrù gbá jagunjagun, ìlà pupa tó ń fi ẹ̀mí hàn gbẹ kanlẹ̀, jagunjagun bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ̀gọ̀ọ̀.

Ọwọ́ Aránṣọ ti dé ara ògiri kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ó fa púlọ́ọ̀gì yọ. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fà á. Máṣìnnì rẹ̀ ní àìsàn kan: bó bá ti gbóná, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ á wọlé, kò ní jáde mọ́, abẹ́rẹ́ á sì máa sáré bí ẹṣin tí oyin ta. Bí Aránṣọ bá dúró ronú, abẹ́rẹ́ á ti rán ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà. Nítorí náà, ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ pé bí ewu bá dé, púlọ́ọ̀gì ni kó gbá mú. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó jókòó nínú òkùnkùn, ó ń retí òkú. Ó dá iná padà, ó tan géèmù. Jagunjagun ni ó dúró síwájú ibodè kẹta yẹn, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, bí ọkọ ìyàwó. Géèmù ò ráyè séèfù ikú rẹ̀. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó wá fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Kò pẹ́ tó fi mọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe mọ ìdí ẹ̀wù. Láàárín ìgbà tí ìyà bá jẹ jagunjagun àti ìgbà tí ara rẹ̀ bá kanlẹ̀, àyè kan wà níbẹ̀, kò ju kí ènìyàn sín lọ. Inú àyè yẹn ló gbọ́dọ̀ ti fa púlọ́ọ̀gì. Bí kẹ̀kẹ́ òwú bá sì ti ń yí ní igun, kó má dán an wò, nítorí pé bí iná bá lọ nígbà tí géèmù ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló máa bàjẹ́. Nítorí náà, ojú kan wà lára aṣọ́bodè, ojú kan wà lára kẹ̀kẹ́, etí kan ń gbọ́ ẹsẹ̀ Opẹ́léńgẹ́, ọwọ́ sì ń tọ́ ògiri wò. Alákàn ò lè ṣọ́rí tó bẹ́ẹ̀.

Ó kú ní ibodè kẹrin títí ó fi sú aṣọ́bodè ibẹ̀. Ó kú ní ìkarùn-ún, ó kú ní ìkẹfà. Púlọ́ọ̀gì ilé náà ti tú, ó ń mì bí eyín arúgbó. Nígbà tí Opẹ́léńgẹ́ ń ti ìkarùn-ún bọ̀ pẹ̀lú òógùn lójú, jagunjagun Aránṣọ ti dúró síwájú alágbẹ̀dẹ.

"Ìyàwó mi, báwo lo ṣe ń ṣe é?" Opẹ́léńgẹ́ bi í.

"Àdúrà ni, ọkọ mi."

"Àdúrà? Ìwọ? Ìwọ tó sùn lọ lórí ìkúnlẹ̀ níjọ́sí?"

"Nínú oorun gan-an ni mo ti ń gbà á."

Opẹ́léńgẹ́ gbójú sókè wo orí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti rí i pé aago orí tẹlifíṣọ̀n kì í sọ òótọ́ mọ́. Bó bá di ọ̀sán, aago á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka òru, bí aago tí wọ́n ń pa iná mọ́ lórí. Iná ilé kò sì lọ. Fìríìjì ń kùn láti àárọ̀. Ó dọ́gbọ́n jáde, ó gba ẹ̀yìn ilé yí padà, ó fojú sí ihò aṣọ fèrèsé pálọ̀. Ó rí ọwọ́ Aránṣọ tó fò lọ sára ògiri bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó rí púlọ́ọ̀gì. Ó rí ẹ̀rín abẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹlòmíràn ì bá pariwo. Opẹ́léńgẹ́ kò pariwo. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun, òun sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yan ọjọ́ náà.

Ó ní àpótí bátìrì kékeré kan tó fi ń ṣiṣẹ́ irun nígbà tí iná bá lọ. Lọ́jọ́ tí Aránṣọ gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, Opẹ́léńgẹ́ wọ́ àpótí náà sí ẹ̀yìn tábìlì tẹlifíṣọ̀n, ó fi aṣọ bò ó. Ó so tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù mọ́ ọn, ó wá ki wáyà àpótí bọ ara ògiri, síbi tí púlọ́ọ̀gì àtijọ́ wà gan-an. Bí ẹ bá wò ó láti orí àga, kò sí ohun tó yí padà. Púlọ́ọ̀gì dúró síbi tó wà. Ó tún mì ín díẹ̀, kó lè rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Aránṣọ.

"Ìyàwó mi, jẹ́ kí n wòran lónìí."

"Ẹ ò níṣẹ́ ni?"

"Kò sóníbàárà. Ṣé ojú mi máa pa jagunjagun ẹ ni?"

Aránṣọ ò fẹ́ kó jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ò lè lé ọmọ onílé kúrò ní pálọ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bọ́rọ̀ bá dójú ẹ̀, òun á ní iná ló lọ. Ó gbá ibodè ṣí.

Alágbẹ̀dẹ jáde. Òòlù kìíní sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ là. Jagunjagun fò. Òòlù kejì gba ẹ̀gbẹ́ yọ. Aránṣọ ń tẹ páàdì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà fún ogun ènìyàn. Ó gún alágbẹ̀dẹ lẹ́sẹ̀, ó gún un ní orúnkún.

"Ó ń gbìyànjú," Opẹ́léńgẹ́ wí, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Ọmọ tálákà ń gbìyànjú."

Òòlù méjèèjì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, jagunjagun sá sẹ́yìn, wọ́n gbá a láyà. Ìlà pupa tán. Ojú Aránṣọ fò lọ sí igun: kẹ̀kẹ́ ò yí. Ọwọ́ rẹ̀ fò lọ sára ògiri. Ó fa púlọ́ọ̀gì yọ.

Tẹlifíṣọ̀n ò pa.

Ó wo púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Jagunjagun rọra wó lulẹ̀, kò kánjú rárá, bí ẹni ń wá ibi tó tutù sùn sí. Ní igun ìsàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ òwú yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí, ó yí, ó dúró. Gbogbo rẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun jáde pé ẹ̀mí kan náà ti tán.

"Áà," Opẹ́léńgẹ́ wí. "Ó mà ṣe o. Ó ti kú."

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Èmi? Ẹ̀pà ni mò ń jẹ." Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ẹ́ o, ìyàwó mi àtàtà. Kí ni púlọ́ọ̀gì ń wá lọ́wọ́ ẹ?"

Aránṣọ la ẹnu. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹnu yẹn jáde tí kò ní kó bá òun fúnra rẹ̀. Bó bá sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, wọ́n á bèèrè ohun tóun fẹ́ fi iná tóun fà yọ ṣe. Opẹ́léńgẹ́ dìde, ó ṣí aṣọ lórí àpótí bátìrì bí ẹni ń ṣí ojú ìyàwó tuntun, ó sì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fi fò kúrò lórí òrùlé ilé kẹta.

Ojú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ó gbé dígí lọ sí yàrá iwájú. Ó gbé dráyà olórí bí akoto lọ, òun àti àga rẹ̀. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wo gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn tó ń dà sórí rólà.

"Opẹ́léńgẹ́," ó pè é jẹ́jẹ́.

"Kí ló tún dé?"

"Ṣé ẹ ti kọjá ibodè keje ni?"

Ẹsẹ̀ Opẹ́léńgẹ́ dúró.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá, ni bọ̀ọ̀dá yín wí. Wọn ò sọ pé ẹni tí kò bá kú. Ẹ ṣeun tí ẹ gbé bátìrì wá. Iná ò ní yọ mí lẹ́nu mọ́." Ó padà sí pálọ̀, ó gbé páàdì, ó bẹ̀rẹ̀ jagunjagun tuntun láti ibodè kìíní, ìhòòhò, pẹ̀lú igi kan lọ́wọ́.

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ tí Opẹ́léńgẹ́ ò rò. Jagunjagun àtijọ́ ni géèmù pa rẹ́, kò lè pa ohun tó wà lórí Aránṣọ rẹ́. Obìnrin yìí ti kú lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè yẹn ju bí ẹnikẹ́ni ti kú láyé lọ. Ó mọ ìgbà tí ejò máa fi ìrù gbáni kí ejò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó mọ ẹsẹ̀ tí aṣọ́bodè kẹrin máa ń kọ́kọ́ gbé. Ó gbé àga rẹ̀ jìnnà sí ògiri, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dé ibi kankan, ó sì ń gbá ibodè ṣí bí ẹni ń ṣí páálí bisikíìtì.

Opẹ́léńgẹ́ rí i, ó mú páàdì tiẹ̀ le. Ó kọjá ìkẹfà, ó dé iwájú ìkeje. Ó rí alágbẹ̀dẹ tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú òòlù méjì. Ó gbé páàdì sílẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ó ní orí ń fọ́ òun. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà pọ̀. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní ìmọ́lẹ̀ yàrá iwájú ti wọ òun lójú jù, òun ò rí tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Àyà rẹ̀ ló ń já. Jagunjagun kan ṣoṣo tó kù láyè tó dé ibẹ̀ ni tiẹ̀, yàrá sì ti wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá wọlé tó sì kú, gbogbo rẹ̀ lọ. Bí kò bá wọlé, kò sí ohun tó lè pa á. Nítorí náà, á tan géèmù, jagunjagun á dúró síwájú ibodè, rólà á yí ní igun, géèmù á séèfù ìdúró yẹn, Opẹ́léńgẹ́ á tún pa géèmù. Ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, ìdúró ni géèmù ń fi pamọ́.

"Opẹ́léńgẹ́ mi, ẹ wọlé nígbà kan," Aránṣọ á wí láti ẹ̀yìn. "Ọkùnrin yẹn á ti máa rò pé ẹ wá gba àyè lórí ìlà ni."

"Pa ẹnu ẹ dé."

"Àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù òòlù? Ẹ̀yin? Òòlù ló yẹ kó bẹ̀rù yín."

Nígbà tí Dírẹ́bà ti ìrìn àjò dé, eruku bò ó bí ẹni tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀. Ó bá dígí àti dráyà nínú yàrá iwájú, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ń rán ṣòkòtò nínú òkùnkùn. Kò bèèrè nǹkan púpọ̀. Ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ta ló ti kọjá?"

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá," Opẹ́léńgẹ́ wí.

"Èmi náà ti dé iwájú ìkeje láàárọ̀ yìí," Aránṣọ wí.

"Ẹ wọlé lónìí, níwájú mi, kí ọ̀rọ̀ yìí tán. Mo fẹ́ sùn. Ta ló máa kọ́kọ́ lọ?"

Opẹ́léńgẹ́ tún gèlè rẹ̀ wé. "Kí ìyàwó mi máa lọ," ó ní. "Àgbà ló máa ń ṣíwájú."

Aránṣọ ju ṣòkòtò sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi, ará ilé! Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mo jù yín lọ? Ìgbà tí ẹ ní kí n wá bá yín bọ́ bàtà, ta ló kéré?"

"Wọlé, ó tó," Dírẹ́bà wí.

Ó wọlé. Alágbẹ̀dẹ jáde, ilẹ̀ là. Opẹ́léńgẹ́ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń fọwọ́ fẹ́ atẹ́gùn sójú ara rẹ̀, ó ń wúkọ́, ó ń sọ òkò ọ̀rọ̀. "Ẹ wò ó, ó ti ń gbọ̀n. Ó ti ń wo ògiri." Aránṣọ kò wo ògiri. Ó gún orúnkún, ó gún ìbàdí, ó sá sẹ́yìn. Òòlù gba èjìká jagunjagun, ìlà pupa lọ sí ìdajì. Òòlù tún gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ìlà pupa di fọ́nrán òwú kan.

"Ó kú tán!" Opẹ́léńgẹ́ ké. "Ìyàwó mi, púlọ́ọ̀gì ń pè ẹ́ o!"

Ọwọ́ ọ̀tún Aránṣọ yún un. Gbogbo iṣan tó wà níbẹ̀ ń fẹ́ lọ sára ògiri. Ó fún páàdì mọ́ ọwọ́ títí ìka rẹ̀ fi funfun. Òòlù méjèèjì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mọ èyí. Òun ló pa jagunjagun tó ṣáájú. Nígbà yẹn, ó ti sá sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sáré lọ síwájú, ó gba àárín ẹsẹ̀ alágbẹ̀dẹ kọjá, òòlù sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, ó sì yí padà ti idà bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó tún ti i bọ̀ ọ́, ó ń bú u bó ṣe ń ti i, ó ń bú ìyá alágbẹ̀dẹ, ó ń bú gbogbo ẹbí rẹ̀, títí ọ̀gbẹ́ni náà fi ṣubú bí ilé alájà mẹ́wàá.

Ibodè ṣí. Kẹ̀kẹ́ òwú yọ ní igun, ó ń yí. Gbogbo wọn ń wò ó títí ó fi dúró.

"Ó ti séèfù," Dírẹ́bà wí. "Ìyàwó ló ni yàrá."

"Olè ni!" Opẹ́léńgẹ́ bú sẹ́kún ìbínú. "Bọ̀ọ̀dá mi, olè ni! Ó máa ń fa iná yọ kó má baà kú! Ojú mi ló ṣe!"

"Jagunjagun tí mo ń fa iná yọ fún ti kú," Aránṣọ wí. "Ẹ̀yin lẹ pa á, ẹ sì jẹ ẹ̀pà lé e lórí. Èyí tí ẹ̀ ń wò yìí, ẹ sọ fún wọn ìgbà tí mo fa iná yọ fún un."

Dírẹ́bà wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó wo àpótí bátìrì lẹ́yìn tábìlì. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti lóye gbogbo rẹ̀, ó sì hàn pé kò ní bèèrè. "Ìwọ náà dúró síwájú ibodè yẹn," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ta ló ní kí o má wọlé?" Ó bọ́ bàtà, ó lọ sùn.

Opẹ́léńgẹ́ kó rólà rẹ̀ sínú báàgì. Ó gbé dígí jáde, ó gbá a mọ́ férémù ilẹ̀kùn dáadáa, kó lè ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò. Àga dráyà ló kù. Ó wúwo bí òkú erin, ó sì há sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú yàrá, ẹsẹ̀ mẹ́ta wà lóde. Ó tì í, ó fà á, ó ń mí fìn-ìn fìn-ìn. Aránṣọ ti gbé máṣìnnì rẹ̀ dé, ó dúró lẹ́yìn, kò ráyè wọlé. Níkẹyìn, ó gbé máṣìnnì kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ àga náà mú, ó gbé e sókè. Kì í ṣe ti ìfẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń kúrò lójú fèrèsé, ó sì ní aṣọ dúdú láti rán.

"Ìyàwó mi, má rò pé mo máa dúpẹ́ o."

"Ẹ má dúpẹ́," Aránṣọ wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀."